Ẹ Má Já Oògùn Jẹjẹrẹ Ọmú Sílẹ̀ Lágbedeméjì
(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, bá wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún)

Owó àjẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ yìí ni ìyá mi fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ni mo wà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyá mi kan, tí wọ́n ń ta ata, ní kókó lọ́mú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà sì ní kí wọ́n gba kímò lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, irun orí wọn re tán, èébì ò jẹ́ kí wọ́n jẹun, owó ọjà sì ti wọnú oògùn tán. Àwọn ará ilé ní, "Ṣebí wọ́n ti yọ kókó náà, kí lẹ tún ń gba abẹ́rẹ́ sí?" Wọ́n jókòó sílé. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà wá, àrùn ti dé egungun. A ti sin wọ́n.

Ìbéèrè àwọn ará ilé yẹn ní ìdáhùn. Dókítà ará Ítálì kan, Gianni Bonadonna, ló wá a rí nílùú Milan. Ní 1973, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí obìnrin 386 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti dé abẹ́ abíyá. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn 179 ò gba nǹkan mìíràn. Àwọn 207 gba àpapọ̀ oògùn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CMF. Èsì jáde ní 1976: láàárín ọdún méjì lé díẹ̀, àrùn padà sára 24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba oògùn. Nínú àwọn tó gbà á, bíi 5 péré ni.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin ẹlẹ́wà mọ̀ ọ́n: ẹ lè ṣa ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu dànù, ẹyin kòkòrò tójú ò rí ṣì wà nínú àpò. Ọ̀bẹ ń yọ èyí tójú rí. Kímò ń lépa èyí tójú ò rí.

Ní 1981, Bonadonna àti Pinuccia Valagussa, obìnrin bíi tiwa, tún gbé èsì mìíràn jáde. Wọ́n wo iye oògùn tí oníkálukú gbà gan-an. Àwọn tó gba ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 77 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àrùn ò padà sára wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tí tiwọn ò tó 65 ńkọ́? 48. Àwọn tí ò gba rárá? 45. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó já a sílẹ̀ lágbedeméjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí kò gbà á rárá. Ìyà ti jẹ ẹ́, owó ti lọ, èrè ò sí.

Lónìí, oògùn tuntun ti wà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú ló nílò kímò. Dókítà lè dín in kù, ó lè sún ọjọ́ síwájú tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó. Dókítà ló ń ṣèyẹn o, kì í ṣe aládùúgbò. Irun á tún hù. Oògùn èébì wà, ẹ béèrè. Tí ara bá gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ kíá. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Owó ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Tí àyẹ̀wò bá ti mú ẹnì kan nínú wa, kí ẹgbẹ́ bá a ṣírò owó abẹ́rẹ́ látorí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ká yá a lówó tí kò ní èlé, kí ẹnì kan sì máa bá a tajà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. A máa ń dáwó òkú. Ẹ jẹ́ ká dá ti alààyè.

Ọlọ́run ò ní fi àìsàn ṣe wá.