Omi Gbígbóná àti Ewu Iná Mànàmáná



Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ra ẹ̀rọ amómigbóná fún àwọn òbí wa. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí irin tí ń mú omi gbóná bá là, iná mànàmáná lè jò sínú omi. Fíúsì kò lè gbà wá: wáyà ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ẹni tí ń wẹ̀. Iná tí kò tó jó fíúsì tó láti pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ri wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rọ RCD oní-mílíámípíà 30 sí i. Ẹ̀rọ yìí ń fi iná tí ó lọ wé èyí tí ó padà. Bí wọn kò bá dọ́gba, kíá ni yóò pa iná. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù.

Kí ẹ̀bùn wa má ṣe di ọ̀fọ̀ fún wa o.