Iná láti Ara Oòrùn: Ibi tí Ìwádìí Dé

Kò sí abúlé kan tí oòrùn kì í là dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abúlé ni wáyà iná mànàmáná kò tíì dé. Òmíràn sì wà tí òpó ti dúró síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí àwọn ẹyẹ nìkan ń jàǹfààní rẹ̀. Nítorí èyí ni ẹni tí ó bá ní agbára fi ń ra jẹnẹrétọ̀, tí ó sì ń da epo bẹntiróò sínú rẹ̀ ní alaalẹ́. Owó epo kò kéré, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn, èéfín rẹ̀ sì ti pa ìdílé tí ó gbé e sínú ilé tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣe lórí páńẹ́lì oòrùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sólà.

Ooru àti ọ̀rinrin ni ó bí iṣẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, bá ìṣòro kan pàdé tí ará ilẹ̀ olóoru mọ̀ dáadáa. Bátìrì gbígbẹ tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní àwọn ibi jíjìnnà tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kí Daryl Chapin wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Chapin kọ́kọ́ dán ohun kan tí ń jẹ́ seléníọ́mù wò, ṣùgbọ́n nínú ìpín 100 agbára tí oòrùn ń dà lé e lórí, kò rí ìpín 1 pàápàá gbà gẹ́gẹ́ bí iná. Nínú ilé iṣẹ́ kan náà, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ń ṣiṣẹ́ lórí sílíkónì, ohun tí a ń yọ láti inú iyanrìn. Pearson gba Chapin ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi seléníọ́mù sílẹ̀, Chapin sì gbọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1954, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi iṣẹ́ wọn han àwọn oníwèé ìròyìn: wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ nìkan yí ohun ìṣeré ọmọdé kan. Ìpín 6 nínú 100 ni wọ́n rí gbà.

Ìpín 6 kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní 1958, Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì kékeré kan tí ń jẹ́ Vanguard 1 sí ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ rédíò méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ń lo bátìrì dákẹ́ ní ọdún náà. Èyí tí ń lo oòrùn ń ránṣẹ́ títí di 1964.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìpele sílíkónì méjì ni a fi ẹnu wọn ko ara wọn. A fi ìwọ̀nba bórónì sí ọ̀kan, a sì fi ìwọ̀nba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí èkejì. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lé e, ó ń ta àwọn ohun tíntìntín tí ń jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè wọn. Ojú ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé sì dà bí ilẹ̀kùn tí ń ṣí sí apá kan ṣoṣo: bí wọ́n bá ti kọjá, wọn kò lè gba ibẹ̀ padà. Wọ́n ní láti gba inú wáyà yí ká kí wọ́n tó dé ilé, ní ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n sì ti ń tan gílóòbù, tí wọ́n ń yí fáànù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń lò, kì í ṣe ooru gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Bí ooru bá pọ̀ jù, iṣẹ́ rẹ̀ a máa dínkù. Ẹni tí ó bá kàn án mọ́ páànù òrùlé láìfi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń dín iná tirẹ̀ kù.

Láti ìgbà náà wá, iye tí a ń rí gbà ti kúrò ní 6, ó ti kọjá 20 nínú 100. Owó páńẹ́lì sì ti lọ sílẹ̀ ju ìpín 99 nínú 100 lọ láti 1976. Ṣùgbọ́n sílíkónì ní ààlà. Ní 1961, William Shockley àti Hans Queisser fi ìṣirò hàn pé kò sí ohun èlò kan ṣoṣo tí ó lè sọ gbogbo ìmọ́lẹ̀ di iná. Ti sílíkónì kò lè kọjá nǹkan bí 29 nínú 100.

Níbí ni ìwádìí tuntun ti wọlé. Ní 2009, Tsutomu Miyasaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan lo irú ohun èlò kan tí ń jẹ́ perovskite, wọ́n sì rí 3.8 nínú 100 gbà. Sílíkónì ń fẹ́ iná ìléru tí ó ju ìwọ̀n 1,400 lọ kí ó tó yọ́. Perovskite ṣeé pò sínú omi kẹ́míkà kí a sì kùn ún bí ẹni kun ọ̀dà. Ó sì mọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù gbà jù, nígbà tí sílíkónì mọ aláwọ̀ pupa gbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ lé sílíkónì lórí, bí ẹni fi asẹ́ méjì sẹ́ ògì: ohun tí ti òkè bá jẹ́ kí ó kọjá, ti ìsàlẹ̀ yóò mú un. Ní 2025, ilé iṣẹ́ LONGi ní ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé irú alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 34 nínú 100. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn a máa da nǹkan bí 1,000 wáàtì lé àyè tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gígùn. Bí a bá rí 22 gbà nínú 100, àyè yẹn lè yí fáànù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 50 wáàtì. Bí a bá rí 34 gbà, yóò yí mẹ́fà.

Kí inú ẹnikẹ́ni má tíì dùn jù. Ohun tí ó gba 34 yẹn kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Oxford PV kọ́kọ́ ta páńẹ́lì alápapọ̀ ní 2024, 24.5 ni ó ń rí gbà. Èyí tí ó ṣòro jù ni pé ọ̀tá tí ó ba bátìrì àwọn ará Bell jẹ́ ni ó tún dojú kọ perovskite: ooru àti ọ̀rinrin a máa tú u ká. Òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ó dé inú omi mímu. Páńẹ́lì tí ó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ fara da ooru ìwọ̀n 85 pẹ̀lú ọ̀rinrin 85 nínú 100 fún 1,000 wákàtí, èyí tí ó súnmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsinmi.

Páńẹ́lì nìkan kò tó, nítorí oòrùn a máa wọ̀. Bátìrì ni àká tí a ń kó iná ọ̀sán pamọ́ sí di alẹ́. Bátìrì olójé àti ásíìdì kì í fẹ́ kí a lò ó tán. Bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Bátìrì lítíọ́mù ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Stanley Whittingham, John Goodenough àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2019. Goodenough ti pé ẹni ọdún 97 nígbà náà. Láti inú iṣẹ́ Goodenough ní Texas ní 1997 ni irú kan ti jáde tí a fi irin àti fọ́sífétì ṣe. Kì í tètè gbiná, ó sì ṣeé kún, kí a sì lò ó, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti olójé lọ nígbà tí a bá ń rà á, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń ṣírò owó náà fi iye ọdún tí yóò lò ó kún un.

Gbámù-Gbámù, abúlé àgbẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í tan irú iná yìí ní 2018, pẹ̀lú páńẹ́lì tí agbára wọn jẹ́ 85,000 wáàtì àti bátìrì tí ń gbà á dúró. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra sólà fún ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísinsìnyí, sílíkónì náà ni yóò bá ní ọjà, èyí tí àwọn tí ń ṣe é dáadáa máa ń fi ọdún 25 ṣe ìdánilójú fún. Ti perovskite ṣì ní láti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ fún un ní ilẹ̀ olóoru.