Orúkọ Pọ̀ Lọ́rùn Wọn: Pípín Agbo Ìràwọ̀ sí Ìsọ̀rí

Gbogbo ìràwọ̀ tí ojú lásán ń rí láti Ladi-Lak, inú agbo ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n wà, èyí tí ayé yìí pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Agbo mìíràn kò lóǹkà. Àwọn kan wà nínú wọn tí àárín wọn lè tàn ju gbogbo ìràwọ̀ inú wọn lọ. Ihò dúdú ńlá ni ó wà níbẹ̀. Ihò náà fúnra rẹ̀ kì í tàn. Gáàsì tí ó ń yí i po kí ó tó gbé e mì ni ó ń gbóná, tí ó sì ń mọ́lẹ̀. Òmíràn a máa tu ohun gbígbóná jáde síhà méjì tí ó kọ̀yìn sí ara wọn.

Bí ojú ti rí wọn ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi sọ wọ́n lórúkọ. Carl Seyfert ará Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe tirẹ̀ ní 1943. Ní 1963, Maarten Schmidt rí i pé 3C 273, tí ó jọ ìràwọ̀ lásán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa: wọ́n pe irú rẹ̀ ní quasar. Wọ́n pe èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà wìtìwìtì ní blazar. Ọ̀kan nínú wọn, BL Lacertae, orúkọ ìràwọ̀ ni ó ṣì ń jẹ́ títí di òní, nítorí pé ìràwọ̀ ni wọ́n kà á sí ní 1929. Orúkọ kì í tètè kúrò lára ohun tí a bá ti fún un.

Ǹjẹ́ orúkọ púpọ̀ yìí fi hàn pé ohun púpọ̀ ni wọ́n bí? Bí ènìyàn bá dúró létí títì ní Ladi-Lak lóru, tí dánfó kọjú sí i gan-an, iná rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Bí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò rí ara ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni. Blazar ni èyí tí ohun gbígbóná rẹ̀ kọjú sí ayé. Ní 1985, Antonucci àti Miller fi ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà lára gáàsì NGC 1068 hàn pé irú àárín tí Seyfert onípò kìíní ní ni eruku bò mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, níbi tí Samuel Okoye ti gbin ìmọ̀ rédíò ojú ọ̀run, àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀ràn ibi ìdúró yìí.

Ṣùgbọ́n ibi ìdúró kò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ní 1974, Bernard Fanaroff, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, àti Julia Riley yẹ àwòrán rédíò 57 wò. Wọ́n wọn àyè tí ó wà láàárín ibi méjì tí ó mọ́lẹ̀ jù, wọ́n sì fi wé gígùn gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò tó ìdajì bọ́ sí ìsọ̀rí kìíní. Èyí tí ó ju ìdajì lọ bọ́ sí ìkejì. Ó sì ṣe kòńgẹ́ pé àwọn tí agbára wọn pọ̀ jù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìsọ̀rí kejì. Gígùn lásán ni wọ́n wọ̀n, òun ni ó sì mú wọn dé ìdí agbára.

Síbẹ̀, ní 2019, awò rédíò LOFAR ní Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ onísọ̀rí kejì hàn tí agbára wọn kò tó nǹkan. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe tún ń yẹ àyíká wọn wò: bóyá gáàsì tí ohun gbígbóná náà ń là kọjá ki tàbí ó fúyẹ́.