Ẹ Má Fi Ọwọ́ Dán Nọ́sùlù Wò
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Òṣogbo)

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ní ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kàn.

Nọ́sùlù ni ó ń fọ́n epo dísù sínú ẹ́ńjìnnì bí ìrì. Ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí ìdọ̀tí tàbí omi bá ti bà á jẹ́, kíkán ni yóò máa kán. Èéfín dúdú yóò máa jáde, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè jí láàárọ̀, epo yóò sì máa tán kíákíá. Nọ́sùlù tí a kò tọ́jú, òṣómàálò ni: yóò lóṣòó tì yín títí yóò fi gba owó rẹ̀.

Ẹ máa tú omi ìdí fíítà dànù láràárọ̀. Kí ẹ tó tú nọ́sùlù, ẹ fọ ìta rẹ̀, kí ẹ sì dí ẹnu páìpù. Dísù tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì onídẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo sáńpépà. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ àti ilé rẹ̀, tọkọtaya ni wọ́n. Ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn mọ́ra. Wáṣà bàbà tuntun ni kí ẹ fi dè é padà.

Orí tẹ́sítà ni a ti ń dán an wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Agbára tí ó fi ń tu epo tó ìlọ́po 20 ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ́rì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo náà lè gún awọ wọ inú ẹran. Ojú ibẹ̀ kò ní ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó sì lè má dunni púpọ̀, bẹ́ẹ̀ dísù ti ń ba inú ọwọ́ jẹ́. Ẹni tó bá ṣe, kí ó má dúró de ìrora. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà pé dísù ló wọlé. Bí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́, wọ́n lè gé ọwọ́ náà.

Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, ní kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá.

Tẹ́sítà, fíítà àti gíláàsì ìbojú, agbanisíṣẹ́ ni kí ó pèsè wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọwọ́ lásán ṣe é, ẹ pe aṣojú yín. A lè ra nọ́sùlù mìíràn; a kò lè ra ọwọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.