Ẹ̀tọ́ opó ọmọ ogun

Lóṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n sin ọmọ ogun 17 tí wọ́n pa ní Okuama, ìpínlẹ̀ Delta, sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Àbújá. Ààrẹ Tinúbú fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá, ó ṣèlérí ilé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé yunifásítì fún àwọn ọmọ wọn, títí kan ọmọ inú oyún. Ó ní kí wọ́n san gbogbo ẹ̀tọ́ wọn láàárín 90 ọjọ́. Ohun tó yẹ ni. Àmọ́ ẹni tí ìbọn bá lóun nìkan nínú igbó Sambisa, tí ìwé ìròyìn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá, ta ni yóò dá 90 ọjọ́ fún opó tirẹ̀? Lójú tèmi, òfin ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu ààrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Àwọn kan á ní àpò ìjọba kò lè kọ́lé fún gbogbo ẹni tó bógun lọ. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ilé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni owó ẹ̀tọ́, títètè san án kò sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kínní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, là ń tẹ́ òdòdó láti rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, tí à ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ (bí ẹyẹlé náà bá gbà láti fò). Ìyẹn níyì. Kí òfin wá sọ ọjọ́ tí kíka 90 náà bẹ̀rẹ̀, àti ọ́fíìsì tí opó lè pè lẹ́jọ́ bí ó bá kọjá.