Epo Tí Wọ́n Ń Wa ní Dakota, Owó Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ alákòóso bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́

  

Nígbà tí a ní ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì la fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àwa tí à ń ta aṣọ, tí à ń ta tòmátò alágolo, kí ló kàn wá nínú kànga epo?" Ẹ fara balẹ̀. Ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ North Dakota. Epo wà nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ wọn, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Bakken, ṣùgbọ́n àpáta náà le débi pé epo ò ráyè jáde. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 3, wọ́n á yí irin náà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á wá fi agbára ti omi, yanrìn àti kẹ́míkà wọlé títí àpáta á fi sán. Ní 2006, nǹkan bí àgbá 100,000 ni ìpínlẹ̀ náà ń rí lójúmọ́. Nígbà tó fi di 2014, ó ti kọjá mílíọ̀nù 1. Ìlú kékeré kan níbẹ̀, Williston, kún fọ́fọ́. Yàrá kò tó, owó ilé gun òkè bí ti ìlú ńlá.

Ibo ni tiwa wá wà níbẹ̀? Epo Bakken fúyẹ́, ó jọ epo tiwa bí ìbejì. Ní 2010, Amẹ́ríkà ń ra nǹkan bí àgbá mílíọ̀nù 1 lójúmọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ní 2014, oṣù kan wà tí wọn ò ra ẹyọ àgbá kan. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ó yé yín: oníbàárà tó ti ní oko tirẹ̀ kò ní yà sí ìsọ̀ wa mọ́. Epo pọ̀ lágbàáyé, àwọn orílẹ̀-èdè OPEC náà ò sì gbà láti dín tiwọn kù ní November 2014. Àgbá kan tó ń lọ ní ohun tó ju $100 ní àárín 2014 já wá sí ìsàlẹ̀ $30 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Owó já ní Williston, ó sì já níbí.

Inú epo ni púpọ̀ nínú dọ́là Nàìjíríà ti ń wá, nítorí náà dọ́là di ọ̀wọ́n. Ní June 2015, báńkì àpapọ̀ ní àwọn ò ní ta dọ́là fún ẹni tó ń kó oríṣi ọjà 41 wọlé. Ìrẹsì àti aṣọ wà níbẹ̀. Ní June 2016, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí ìjọba ń ṣírò ní nǹkan bí ₦197 fò kọjá ₦280 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ rántí ọdún náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó fi gbogbo ẹ̀yáwó ra ọjà òkè òkun, ọjà ò yá, èlé ò sì dúró dè wọ́n. Àwọn onídùúró ló ń bá wọn san án. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwa ìgbìmọ̀ náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti páìpù. Ní 2008, ilé iṣẹ́ kan tọrọ àṣẹ láti ri páìpù tí wọ́n ń pè ní Keystone XL, láti Hardisty ní Kánádà dé Steele City ní Nebraska, nǹkan bíi kìlómítà 1,900. Àgbá 830,000 ni yóò máa gbé lójúmọ́, àwọn oní-Bakken náà á sì rí àyè fi tiwọn sí i. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ̀. Wọ́n ní bó bá jò, omi abẹ́ ilẹ̀ á bàjẹ́. A ò lè bú wọn. Ẹni tó gbọ́ nípa kànga epo Ororo tó gbiná lójú òkun ní agbègbè Awoye, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní 2020, á mọ̀ pé ẹ̀rù wọn tọ́.

Ní 2015, Ààrẹ Obama kọ̀ ọ́. Ní 2017, Ààrẹ Trump jí i dìde. Ní January 20, 2021, ọjọ́ tí Ààrẹ Biden gorí àlééfà gan-an, ó fagi lé e. Ní June ọdún náà, ilé iṣẹ́ ọ̀hún kéde pé òun ti fòpin sí i. Ìjọba Alberta ní Kánádà, tó ti dá owó sí i ní 2020, pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là Kánádà. Ìjọba odindi nìyẹn o, tó ní lọ́yà, tó ní oníṣirò.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sílé. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ní ká fi owó ilé ẹgbẹ́ gba ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọjà tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ìwé ilẹ̀, a ò sì rí àṣẹ ìkọ́lé. Àwọn kan ní bí a bá fi falẹ̀, ẹlòmíràn á gba ibẹ̀. Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a ṣì lè rí òmíràn. Owó opó àti owó ilé ìwé ọmọ tó bá wọlé síbẹ̀ tí iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró, ta ni yóò dá a padà? Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé, ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹ bá wa fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta. Kí owó ilé ẹgbẹ́ má kúrò ní báńkì àfi tí lọ́yà bá yẹ ìwé wò, tí a sì kà á sí etí gbogbo wa. Kí ẹnikẹ́ni má fi ju ìdajì ẹ̀yáwó rẹ̀ ra ọjà òkè òkun. Kí a sì máa yọ díẹ̀ nínú èrè ọdọọdún sílẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀wọ́n, kí onídùúró má baà dá ru ẹrù ẹlẹ́rù.

A ò lè pàṣẹ fún epo ní Dakota. Kọ́kọ́rọ́ àpótí tiwa ló wà lọ́wọ́ wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fọ́, a ò ní ṣòwò àṣedànù.