Orúnkún Mi àti Máṣíìnì Mi: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́kadà Kan Níbi Ìpàdé Wa

(Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ìlú wa ló sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an la ṣe kọ ọ́ síbí fún àwọn ọmọ ìlú tí kò ráyè wá. Ẹ kà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù.)

  Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ọlọ́kadà tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn yẹn, ẹ wá jókòó, àga ṣì wà níwájú.

Akọ̀wé ní kí n má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì kàwé púpọ̀. Àmọ́ ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gun ọ̀kadà láti ìlú yìí lọ sí àwọn abúlé oko. Mo ti gbé kòkó, mo ti gbé ẹ̀gẹ́, mo ti gbé aboyún tó ń rọbí lóru. Ohun tí orúnkún mi fojú mi rí, tí mo sì fi kọ́gbọ́n, ni wọ́n ní kí n wá sọ.

Ìgbà òjò ọdún kẹta sẹ́yìn ni. Ẹ mọ odò kékeré tó wà lọ́nà oko, níbi tí a to pákó sí. Ilẹ̀ pupa ni, bí òjò bá ti kàn án, á máa yọ̀ bí ilá. Àpò kòkó kan ni mo gbé sẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn yọ̀, ni mo bá sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ kí n lè fi gbé máṣíìnì ró. Ẹsẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, ó há síbẹ̀. Máṣíìnì yí, ara mi yí tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ò yí. Mo gbọ́ “pá!” nínú orúnkún mi, bí ìgbà tí èèyàn dá igi gbígbẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú débi pé ṣòkòtò ò lè bọ́ mọ́, ṣe la fi àlùmọ́gàjí gé e.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Mi ò ní bú wọn o. Wọ́n fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń wú sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá fúnra wọn ní, “Ọmọ mi, eegun rẹ ò kán. Ohun tó bàjẹ́ níbí, ọwọ́ mi ò ká a. Máa lọ sí ọsibítù.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní, torí ọ̀pọ̀ ni kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n ya ẹ́ksíréè. Eegun ò kán lóòótọ́. Bí àwọn ará ilé ṣe gbọ́ pé eegun ò kán báyìí, gbogbo wọn ní ó ti tán nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi o: eegun ni ẹ́ksíréè máa ń fi hàn dáadáa, kì í fi iṣan tó já hàn. Wọ́n kọ̀wé fún mi pé kí n lọ rí àwọn físíò. Mo ká ìwé náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kí ló dé tí mi ò lọ? Máṣíìnì yẹn kì í ṣe tèmi nígbà náà. Mo gbà á láwìn ni, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń dá owó padà fún ẹni tó rà á. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, wíwú ti lọ, mo ń rìn. Lóòótọ́ orúnkún máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, àmọ́ mo ní kò tó nǹkan. Mo lo oògùn ìrora, mo ta máṣíìnì, mo jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé màmá kan tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Ibi odò yẹn náà ni. Mi ò tiẹ̀ sáré. Máṣíìnì kàn tẹ̀ díẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, orúnkún sì yẹ̀ lábẹ́ mi bí ìgbà tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Gbogbo wa ṣubú. Ọlọ́run yọ ọmọ náà, kò fara pa. Màmá fi ọwọ́ gbélẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn kán.

Màmá náà ló jókòó ní ìlà kejì yẹn. Mo ti lọ bá wọn nílé, mo tọrọ àyè kí n tó wá sọ ọ́ níbí. Wọ́n ní, “Lọ sọ ọ́, kí àwọn yòókù lè gbọ́n.” Ẹ ṣé, Màmá. Oko kan ni ẹ ò lè ro lọ́dún yẹn, ẹ ò sì fìgbà kankan gbé mi ṣépè.

Ìgbà yẹn ni mo lọ fa ìwé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọbìnrin kan ni físíò tí mo bá, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mẹkáníìkì ara yín, èmi á kàn máa tọ́ yín sọ́nà ni.” Ó ṣàlàyé fún mi. Okùn iṣan ńlá mẹ́rin ló so eegun itan mọ́ eegun ojúgun: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì nínú tí wọ́n gbé ara wọn lágbélébùú. Èyí tó wà níwájú nínú méjì tó gbé ara wọn yẹn ló máa ń já tí ẹsẹ̀ bá há, tí ara sì yí. Kérékèré méjì tún wà láàárín eegun, tí wọ́n rí bí òṣùpá tí kò tíì kún. Bíi wọ́ṣà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kí irin má baà máa lọ irin.

Wọ́n tẹ orúnkún náà wò, wọ́n fà á síwá sẹ́yìn. Okùn iwájú ti já. Ó ní àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n lè fi eré ìdárayá nìkan gbé ẹsẹ̀ wọn dìde, tí ẹran itan bá le débi tí á fi máa di orúnkún mú. Èmi àti dókítà jókòó, a yan ìdárayá, a ní tó bá ṣì ń yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ìyàwó mi, télọ̀ ni. Físíò ní kó fi téèpù wọn itan mi méjèèjì. Ti ọ̀tún fi ínṣì méjì kéré sí ti òsì! Ojú mi là. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ẹsẹ̀ ti san, ẹran ibẹ̀ ti gbẹ dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, torí kò sí èyí tó ná mi lówó ńlá níbẹ̀. Mo ká táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo kà dé márùn-ún kí n tó dẹ̀ ẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ, mo gbé e sókè. Mo wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ sí ìdí díẹ̀díẹ̀ kí orúnkún lè ká. Nígbà tó yá, mo rọ yanrìn sínú sọ́ọ̀kì, mo so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Mo ń jókòó sórí àga, mo ń dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan. Mo ń gorí búlọ́ọ̀kù tí mo dùbúlẹ̀, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ kan dúró tí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àwọn ti di ẹyẹ lékèélékèé.

Mo bi físíò pé ìgbà wo ni mo máa padà. Ó ní kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ nìkan, ẹsẹ̀ ni yóò sọ, àmọ́ kí n má retí pé á dín ní oṣù mẹ́sàn-án. Ó dùn mí. Ọmọ mi tó wà ní poly wá fi fídíò ará Amẹ́ríkà kan hàn mí, Ryan Villopoto, tó máa ń fi máṣíìnì sáré, tó ń fò lórí òkìtì erùpẹ̀. Okùn orúnkún ọkùnrin yẹn já ní April 2012, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Olówó ni o, ó ní dókítà, ó ní ohun gbogbo. Síbẹ̀, January 2013 ló tó padà sórí pápá, lọ́dún yẹn náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ. Mo ní, tí ẹni yẹn bá lè jókòó sílé fún bí oṣù mẹ́sàn-án, èmi ta ni?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ìdánwò tí mo yege kí n tó padà. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán, kó sì ká dáadáa. Kò gbọdọ̀ wú lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó dáa nìkan fò síwájú, ẹ wọn ibi tẹ́ ẹ bọ́ sí. Tí ẹsẹ̀ tó ṣèṣe bá fò, kó má dín ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, tí ó wúwo ju 100 kílò lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ lè gbé e ró. Ẹ sì rántí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí kan náà ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà, oṣù kan gbáko ni mi ò fi gbé èèyàn. Ọ̀nà gbígbẹ nìkan, ìrìn kúkúrú. Lẹ́yìn náà, èrò kan ṣoṣo. Mi ò gbé méjì mọ́ láyé mi. Tí mo bá dé ibi gẹgẹlẹ, mo máa ń dìde díẹ̀ lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, mo ká orúnkún díẹ̀, kí orúnkún lè gba ìjàm̀bá ọ̀nà bíi ṣọ́kù. Mi ò sọ ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ibi odò yẹn yọ̀, èrò á sọ̀kalẹ̀, èmi náà á sọ̀kalẹ̀, màá ti máṣíìnì kọjá. Tí máṣíìnì bá sì fẹ́ ṣubú, ẹ jẹ́ kó ṣubú! Ọwọ́ bíréèkì ń bẹ lọ́jà, orúnkún ò sí lọ́jà. Bàtà ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ìrora ńkọ́? Hóònù ni ìrora, ara ló ń fun ún. Ẹni tó mu tíráma kó lè rí iṣẹ́ ṣe, hóònù ló gé, ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣì rántí January 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni akoto, tí àwọn kan nínú wa gbé igbá dé orí. A fi ṣe ẹ̀rín. Oògùn ìrora lórí orúnkún tó ti já, igbá náà ni.

Ohun kan tún kù tí físíò ní kí n má gbàgbé. Tẹ́nikẹ́ni bá fi orúnkún ṣèṣe, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tí ọmọ ìka sì kú tìpìrì, ẹ tú ohunkóhun tí wọ́n dì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní wákàtí yẹn gan-an. Ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà lè lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo fi máa parí. Àkọ́kọ́, ibi odò yẹn. Èèyàn méjì ni mo sọ fún yín lónìí, àwọn tó ṣubú níbẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá wa fi kọnkéré ṣe afárá kékeré síbẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Ìkejì, ẹ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì mẹ́ta sí ilé ìtọ́jú ìlera wa, kí ẹni tó bá ṣèṣe lè yá a lò. Ìkẹta ló ṣe kókó jù. Àwa ọlọ́kadà ti fohùn ṣọ̀kan pé a ó máa dá igba náírà lọ́sẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá lè fi tiwọn kún un, ẹni tó bá fara pa á máa rí nǹkan gbé sẹ́nu títí ara rẹ̀ á fi yá. Kì í ṣe àìgbọ́n ló gbé mi padà sórí máṣíìnì ní oṣù kẹta. Ebi ni. Tí mo bá rí ẹni ràn mí lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọwọ́ Màmá ò ní kán.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́. Mo ti ń gun máṣíìnì mi padà, ó ti lé lọ́dún kan, orúnkún ò yẹ̀ rí. Ìyàwó mi ṣì ń fi téèpù wọn itan mi ní ìparí oṣù. Ó ní ọjọ́ tó bá dín, òun á gba kọ́kọ́rọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ, á ṣọ́ wa bọ̀. Ìlú wa á dára.